Odi Eléjí: Lámèyítọ́ Ilé Olódi Orí Tábìlì

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ àyálò àti ìwé tuntun la sábà máa ń yẹ̀ wò níbí. Lónìí, nǹkan ìṣeré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ní ìtàn, ó ní àṣà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé, ó sì ní àṣìṣe tí wọ́n ń jogún lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tó bá ní gbogbo ìyẹn tó ohun tí a lè ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀ rí. Ẹni tí mo sọ ọ́ sí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé.

Oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi ní London lọ́dún tó kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo po tíì, mi ò rí ibi gbé ife lé. Ilé olódi kan ti gba tábìlì ìjẹun: ilé ìṣọ́ gogoro ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ògiri aláwọ̀ eérú láàárín wọn, ìlẹ̀kùn onígi tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n tò sórí ògiri bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Mo na ọwọ́ sí i. Ohùn kan ké láti orí àtẹ̀gùn: "Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ!"

Ọmọ ọmọ mi ló ṣe é, òun ló sì ń sáré bọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré tó ṣe é fún. Dungeons & Dragons ló gbajúmọ̀ jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni apàlọ́: òun ló ń sọ ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n rí, ẹni tó yọ sí wọn lójijì. Àwọn yòókù, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní akọni tirẹ̀ nínú ìtàn, òun ló sì máa sọ ohun tí akọni rẹ̀ ṣe. Bí ohun tó fẹ́ ṣe bá nira, yóò da dáìsì olójú 20, ibi tí dáìsì bá já sí ni ìtàn máa gbà. Àwa náà ní ààlọ́, àbí? Ṣùgbọ́n nínú ààlọ́ tiwa, orin ni àwọn ọmọdé máa ń gbè, kò sí apàlọ́ tó máa dúró kó bi wọ́n pé, "Ó dáa, kí ni Ìjàpá máa ṣe báyìí?" Nínú eré yìí, ìbéèrè yẹn gan-an ni eré. Ẹnu ni wọ́n sì fi ń dáhùn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni?

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé olódi náà rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì ṣòro láti ṣe dáadáa. Fóòmù líle ni, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé òyìnbó máa ń tẹ́ sínú ògiri nítorí òtútù. Ọmọ náà á fi ọ̀bẹ mímú gé e ní pẹlẹbẹ, á fi pẹ́ńsù fa ìlà òkúta sí i lára, á wá mú fọ́ìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń bo ẹran nínú ófùnnù, á rún un di bọ́ọ̀lù, á sì máa yí i lórí fóòmù títí ara rẹ̀ á fi rí ṣákiṣàki bí òkúta. Lẹ́yìn náà, á po ọ̀dà dúdú mọ́ gúlù funfun, á fi kun gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí fóòmù le, kó má baà máa rún. Bí dúdú bá gbẹ, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà aláwọ̀ eérú, á nù ún títí ọ̀dà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, á wá fi èyí tó kù ra orí òkúta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ọ̀dà á mú ibi tó yọ síta, á fo ibi tó jìn. Níkẹyìn ni omi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ máa ṣàn lọ sínú gbogbo ihò àti ìlà, bí ẹrẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí ògiri lẹ́yìn òjò. Igi tí wọ́n fi ń lá áísìkiriìmù ló di ìlẹ̀kùn.

Ilé ìṣọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe wà ní igun kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ bí ìgbà tí ikán wọ igi. Ọ̀dà tí wọ́n ń fín láti inú agolo ló fi kùn ún, kò sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ fóòmù. Kò jù ú nù. Ó ní, "Dragon ló jó ibẹ̀, Grandpa," ó sì lò ó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn wọn. Ẹ fi ihò yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìbéèrè mi nìyí: nínú eré tó jẹ́ ti ẹnu, kí ni ilé olódi yìí wá ṣe?

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé Ìlú Ọba nì, tẹ ìwé kékeré kan jáde tó pè ní Little Wars. Ó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi ọmọ ogun ìṣeré ja ogun lórí ilẹ̀ yàrá, kí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù onígi ti ọmọdé kọ́ ilé. Nínú eré tirẹ̀, ilé ní iṣẹ́ gidi. Àgbá kékeré tó ń ta ọta onígi ni wọ́n ń lò, ògiri ló sì ń dá ọta dúró. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti fi ẹnu yà. Ohun tí o rí ló wà níbẹ̀, ohun tí o kò rí kò sí.

Nígbà tí Dungeons & Dragons dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé bébà, pẹ́ńsù àti ère kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ère kéékèèké kò pọn dandan, pé wọ́n kàn ń dùn ún wò ni. Bí ère kò bá pọn dandan, mélòó mélòó wá ni ilé tí ère ń gbé?

Síbẹ̀, ilé olódi ti wà níbẹ̀ kí ìwé òfin tó wà. Ní nǹkan bí 1971, ní Minnesota, Arneson gbé ilé olódi onírọ́bà kan, irú èyí tí wọ́n máa ń tò, sórí tábìlì níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Blackmoor ló pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tó jẹ́ kí eré wọn di nǹkan tuntun kò sí nínú ilé tí gbogbo wọn ń wò yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló wà. Arneson ya ọ̀nà àti yàrá abẹ́ ilẹ̀ sórí bébà onílà, ó pa á mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n pàdé nínú òkùnkùn. Òkè wà fún ojú, ìsàlẹ̀ wà fún etí.

Láti ìgbà náà ni òṣùwọ̀n ti ń ròkè rodò. Ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2000 ṣètò ìjà sórí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹ̀dà kẹrin, ní 2008, so ìjà mọ́ onígun mẹ́rin wọ̀nyí débi pé ó nira láti jà láìsí wọn. Ẹ̀dà karùn-ún, ní 2014, dá a padà fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tó ṣe eré náà fúnra wọn kò tíì mọ ìwọ̀n tó yẹ kí ojú gbà lọ́wọ́ ẹnu.

Ní alẹ́ Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà mẹ́rin wá. Mo jókòó sí igun pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí mi ò kà. Ẹ mọ̀ mí: èmi ni mo fẹ̀yìn tì, etí mi kò fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi ni apàlọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: òjò ń rọ̀, òru ni, òórùn ẹṣin tútù wà nínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe ṣí aṣọ kúrò lórí ilé olódi báyìí, ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ kí n bá yín túmọ̀ rẹ̀. "Mo lọ síbí." "Mo ta eléyìí lọ́fà." "Ṣé mo lè dé ibẹ̀yẹn?" "Rárá, ìyẹn jìnnà, dúró síbí." Ọ̀rọ̀ atọ́ka ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ògiri ń yọ̀, pé ìlẹ̀kùn ń dún, pé ọwọ́ akọni òun ń gbọ̀n. Ó pẹ́ títí kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ní Yorùbá, odi tó jẹ́ ògiri àti odi tó jẹ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ìró kan náà ni wọ́n ní? Odi rẹ yìí ti sọ gbogbo yín di odi." Mo rẹ́rìn-ín ọgbọ́n ara mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Okay, Grandpa." Ó rọra gbé ilé olódi náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sí gáréèjì, ó sì fi aṣọ bò ó. Ìyá rẹ̀ wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan lórí tábìlì àfi bébà àti dáìsì. Mo ti ń retí ẹ̀rí mi, mo sì rí i. Èdè padà dé. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn fi gbogbo ẹnu ṣàpèjúwe bí akọni òun ṣe fi èékánná gun ògiri, inú mi dùn bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba máàkì tó pé.

Àfi ọmọ kan. Ọmọ tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Akólòlò ni. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ni akin tábìlì: ó fi ìka ti ère rẹ̀ lọ sẹ́nu bodè, ó ní "níbí," gbogbo wọn hó yèè, nítorí ó ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọ̀tá. Lálẹ́ tí kò sí ilé olódi yìí, nígbàkígbà tó bá kàn án, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á há sí i lọ́fun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n dúró dè é, ọmọ ilé rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣe wọ́n níṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n máa fo òun. Fún ìyókù alẹ́ náà, akọni rẹ̀ dúró síta, ó ń ṣọ́ ẹṣin.

Mo ti sọ pé odi sọ wọ́n di odi. Ẹnì kan ṣoṣo ló di odi nínú ilé yẹn, èmi ni mo sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní sẹ̀mántíìkì, ẹ máa rántí pé mo máa ń bínú sí ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ atọ́ka ní ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ọmọ ọwọ́ á nawọ́ sí nǹkan kó tó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni èdè ti ń wọlé. Kí "èyí" tó lè ní ìtumọ̀, èmi àti ìwọ gbọ́dọ̀ jọ ń wo ohun kan náà. Ẹni tó bá sọ "níbí," tí ẹni márùn-ún sì mọ ibi tó wí, kì í ṣe òtòṣì nínú èdè. Ó ní ilẹ̀ tó ń tẹ̀, òun àti àwọn yòókù ni wọ́n jọ ni ín. Mo lọ ń ka ọ̀rọ̀ àpèjúwe bí ẹni ń ka owó, mi ò wo ẹni tí owó náà ń bọ́ àti ẹni tí ebi ń pa.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi. Àgbà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò pa mí. Mo tún ìbéèrè mi ṣe. Kì í ṣe bóyá ilé olódi ń pa ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí n bi í. Irú ilé olódi wo ló ń fún ẹni tí kò lọ́rọ̀ ní ilẹ̀, tó sì tún ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó lọ́rọ̀? Ìyẹn ni mo fi ń ṣe lámèyítọ́ báyìí.

Mo ní ká kọ́kọ́ lọ wo ojúlówó. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tower of London, ká lè wo White Tower tó wà láàárín rẹ̀. William tó ti Normandy wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àárín ọdún 1070 sí 1079 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 90. Ní ìsàlẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 15 ní àwọn ibì kan. Ọmọ náà dúró sínú àyè fèrèsé kan, ó na apá méjèèjì síwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ìta. Ó yọ fóònù, ó ṣe ìṣirò. Bí ínṣì kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, White Tower máa ga ní ínṣì 18 lórí tábìlì wọn. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ máa nípọn tó ínṣì mẹ́ta. Ìdajì ínṣì ni ògiri tirẹ̀. "Grandpa," ó ní, "ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ péré ni mo kọ́. Ògiri gáréèjì ni mo kọ́."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, gbogbo wọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ṣe é: ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fóòmù wọ́n, tábìlì kéré, wọ́n sì fẹ́ kí ère ráyè rìn nínú ilé. Mo gba àwíjàre wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń pa kọjá òótọ́ ìtàn lásán. Nínú ògiri tó nípọn ni àtẹ̀gùn àti ọ̀nà máa ń fara pamọ́ sí. Lókè White Tower, ọ̀nà kan gba inú ògiri kọjá tí èèyàn ń rìn nínú rẹ̀. Ògiri tó nípọn ní inú. Ohun tó bá sì ní inú tí ojú kò rí, ẹnu ló máa sọ ọ́. Ògiri ìdajì ínṣì kò ní àṣírí kankan láti sọ.

Àṣìṣe kejì ni àwọ̀. Kí ló dé tí gbogbo ilé olódi orí tábìlì fi jẹ́ aláwọ̀ eérú? Nítorí pé bí àwọn ilé olódi ṣe rí lónìí, lẹ́yìn tí òjò ti wẹ̀ wọ́n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ni àwọn oníṣẹ́ ń wò. Ní 1240, Ọba Henry Kẹta pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹfun kun White Tower, ibẹ̀ ni "funfun" inú orúkọ rẹ̀ ti wá. Conwy ní ilẹ̀ Wales náà, ẹfun ni wọ́n fi bò ó lára, díẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ilé alààyè máa ń tàn. Òkú ilé ni àwọn oníṣẹ́ wa ń yà, wọ́n sì kó àwọn alààyè sínú rẹ̀. Fídíò kan náà ni gbogbo wọn wò, fọ́ìlì kan náà ni wọ́n yí, dúdú kan náà, eérú kan náà. Mo mọyì àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí wọn ọmọ ọmọ mi kò bá má mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń di ìwé ìdánwò tí gbogbo kíláàsì wò lára ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun èlò wé ara wọn, nítorí ohun èlò máa ń ronú bá oníṣẹ́. Bruce Hirst, ará Amẹ́ríkà, ló ń ta mọ́ọ̀dù onírọ́bà: o po pílásítà, o dà á sínú rẹ̀, ó di òkúta kéékèèké, o wá ń fi gúlù tò wọ́n bíi bíríkìlà. Mo fẹ́ràn ìrònú tó wà nínú rẹ̀. O kò lè gbé òkúta lé òfuurufú. Ohun tó wà lókè gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbé e. Ẹni tó bá fi pílásítà kọ́ ilé ìṣọ́ kan tán ti mọ ìdí tí ilé fi ń dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, àti pé òkúta tó ti inú mọ́ọ̀dù kan jáde, ìbejì ni gbogbo wọn.

Àwọn mìíràn máa ń ra tiwọn. Dwarven Forge, tí Stefan Pokorny dá sílẹ̀ ní 1996, ni mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù. Agbẹ́gilére òde òní ni ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ sì mọ́ òkúta. Ní 2013, àwọn èèyàn dá owó tó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè fi rọ́bà líle ṣe tirẹ̀ jáde. Mo ti rí i, ó dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra á ò ní láyà láti jó igun rẹ̀. Ohun tí o fi owó ńlá rà kì í gba àṣìṣe mọ́ra.

Fóòmù ni kò níyì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo sì fún ní ipò kìíní. Kì í ṣe nítorí owó. Ó gba ọ̀bẹ, ó gba àtúnṣe, ó gba ìjàǹbá. Ẹ rántí ihò tí ọ̀dà jẹ. Kò sí ẹni tó pète rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé olódi yẹn, ibẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ máa ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀: ta ló jó o? Ìgbà wo? Ṣé ó máa padà wá? Ògiri tó pé kò mú ìbéèrè wá. Èyí tó jẹ ló mú un wá.

Ìgbà tí à ń tún un kọ́ ni èdè tèmi náà wá wúlò. Mi ò mọ fóòmù gé, nítorí náà iṣẹ́ orúkọ ni wọ́n gbé fún mi. Mo kọ́kọ́ la ìyàtọ̀: àwa ní ìlú olódi, wọ́n ní ilé olódi. Odi Ibíkúnlé ní Ìbàdàn, àti Eredo Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, èèyàn púpọ̀ ni wọ́n yí ká. Odi òyìnbó yìí, olúwa kan àti agboolé rẹ̀ ló ń ṣọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wa bá a mu dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ńlá ni bodè, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni oníbodè. Kòtò tó yí odi ká ni yàrà. Ọmọ náà ní, "Yàrá?" Mo ní rárá, yàrá lo ń sùn sí, yàrà lo máa rì sí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ń tún un sọ bó ṣe ń gbẹ́ ẹ: yàrà, yàrá, yàrà. Ọdún mẹ́rìnlá ni ìyá rẹ̀ ti ń wá bí ọmọ yìí ṣe máa gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè.

A dé orí ògiri, níbi tí òkúta ti yọ sókè, tí àyè wà, tí òkúta tún yọ. Mo ní eyín odi ni ká pè é. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àyè yẹn ńkọ́?" Mo ya ẹnu mi, mo fi iwájú eyín mi hàn án, nítorí Ọlọ́run fún mi ní èjí. "Èjí ni." Odi eléjí. Eyín ni tafàtafà ń sá sí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n inú èjí ló ti ń ta ọfà. Odi tí kò bá ní èjí, ìfarapamọ́ nìkan ló wúlò fún. Mo rò pé gbogbo lámèyítọ́ mi ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì ní sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé olódi kejì yìí nípọn. Ínṣì méjì ni ògiri rẹ̀. Mẹ́ta kò gba tábìlì. Funfun ni, eérú yọ níbi tí ẹfun ti ṣí. Ilé ìṣọ́ mẹ́ta ló ní inú tí a lè ṣí wò. Ìkẹrin kò ní inú rárá, ó di pa. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, apàlọ́ ló máa fi ẹnu sọ ohun tó rí. Ilé ìṣọ́ tí ọ̀dà jẹ ṣì wà ní igun rẹ̀, a ò tún un ṣe.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn kí n tó wá sílé, àwọn ọmọ náà péjọ. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ti padà sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ń ti ère rẹ̀ lọ, ó ń nawọ́. Bó ṣe kàn án ní ìparí, ó gbé ère rẹ̀ dé ẹnu ihò tó jó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan: "Iná." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apàlọ́ gba ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ: iná ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ṣì gbóná. Gbogbo wọn tẹ̀ síwájú lórí àga. Mo ká ìwé ìròyìn mi.

Mo ti padà sílé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán kan wọlé sórí WhatsApp mi: ìlẹ̀kùn onírin tí wọ́n fi ọ̀pá ìtọyín ṣe, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà sókè lẹ́nu bodè, tí wọ́n sì ń já lulẹ̀ bí ọ̀tá bá dé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan, pé: "Grandpa, ki ni a n pe eleyi?"

Mi ò tíì dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ fún un ní gbólóhùn gígùn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń béèrè, èyí tó lè pè ní kíákíá nígbà tí ọ̀tá bá ń bọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àti ẹ̀yin tí ilé baba yín kò jìnnà sí odi àtijọ́, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún un, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Sátidé ni wọ́n máa ṣeré.